Ewé Eéran Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tí mo padà sí ilé bàbá mi ní Kábbà, mo kó ọ̀rá mọ́kàndínlógójì jáde nínú gọ́tà iwájú ilé. Mo kà wọ́n. Ọ̀rá omi ló pọ̀ jù, ọ̀rá àkàrà ló tẹ̀lé e, ìyókù jẹ́ ọ̀rá dúdú tí àwọn alápatà fi ń di ẹran. Mo tò wọ́n sórí bíríkì kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí ohun tí ọwọ́ wọn ṣe, mo sì wọlé lọ mú bírò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn.

Mo ní fáìlì kan fún àwọn ìwé ẹ̀sùn mi. Lẹ́tà gọ́tà wà níbẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta. Lẹ́tà òpó iná tó tẹ̀ sórí òrùlé bíríkìlà aládùúgbò mi wà níbẹ̀. Lẹ́tà kòtò ojú ọ̀nà Òkè-Bùkún náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí mo fi rúlà yà. N kì í parọ́ nínú ẹ̀sùn. Bí kòtò bá jẹ́ mẹ́rin, n kò ní kọ márùn-ún. Ohun tí mo gbé bọ̀ láti yunifásítì nìyẹn: ẹ̀sùn tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ibi, tí kò ní iye, ariwo lásán ni. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Akọ̀wé. Mo gbà á bí oyè.

Ní gbogbo àdúgbò wa nígbà náà, ẹnìkan ṣoṣo ni n kò rí ẹ̀sùn kọ nípa rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, tó ń se ẹ̀kọ tútù tà. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí mo bá dìde láàárọ̀, n óò dúró lójú fèrèsé, n óò máa wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé ojú mi máa ń sinmi níbẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ ló fi ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó bá lọ̀ ọ́ tán tó sì sẹ́ ẹ, eèrí rẹ̀ di ti ewúrẹ́ àti adìyẹ. Omidùn tó bá dà kúrò lójú ògì, inú agbè ló ń lọ, àwọn abiyamọ á wá bù ú láti fi rẹ àgbo. Kì í dá igi tútù fún ìdáná. Ṣùkù àgbàdo àti èèpo ẹkùrọ́ ló ń kó sídìí ìkòkò, eérú rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń se ọṣẹ dúdú ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ewé eéran ló fi ń di ẹ̀kọ, ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á lára. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ tán á ju ewé sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, tàbí kó jẹrà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ilé ìyá yìí, kò sí ohun tí à ń pè ní pàǹtí. Gbogbo nǹkan ló ní ibi tó tún ń lọ.

Nínú lẹ́tà mi kejì lórí gọ́tà, mo kọ ọ́ pé kí ìjọba pàṣẹ fún gbogbo olóúnjẹ kí wọ́n máa lo ewé, gẹ́gẹ́ bí ìyá kan ṣe ń ṣe ní àdúgbò wa. Mo lọ sọ fún un.

“Ìyá, mo kọ̀wé nípa yín sí ìjọba.”

Ó dá ọwọ́ dúró lórí orógùn. “Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo yìn yín ni.”

“Hẹ̀n.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀kọ rẹ̀. “Akọ̀wé, ẹni tí ìwọ bá kọ̀wé nípa rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyìn, ì báà jẹ́ èébú, kò ní sùn dáadáa.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ilẹ̀ bàbá mi gùn láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí odò kékeré kan. Lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti di irà, lábẹ́ igi ọ̀pẹ mẹ́ta, igbó kan wà níbẹ̀ tó ga dé itan ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti lọ sílé ìwé gíga, n kò sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ní ìparí òjò ọdún kan, ìyàwó mi pa ejò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní inú igbó yẹn ló ti jáde. Mo mú àdá, mo lọ wò ó.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èèkàn kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ létí igbó náà, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo kan àti màrìwò gbígbẹ tí wọ́n fi àkísà so mọ́ ọn lórí. Ààlè ni. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ààlè: àmì tí ènìyàn ń fi sórí ohun ìní rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa fọwọ́ kàn án. Inú bí mi. Ta ni yóò wá fi ààlè sórí ilẹ̀ bàbá mi, tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú sàréè, tí èmi àkọ́bí rẹ̀ sì wà láàyè?

Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà sí olórí àdúgbò. Àkọlé rẹ̀ ni: Ẹ̀sùn Nípa Ẹni Tí Ó Fi Ààlè Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀. Mo ya àwòrán ibẹ̀ sí i, mo wọn ìrìn ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé dé ìdí èèkàn náà, mo kọ iye rẹ̀. Mo gbé e fún bàbá náà lọ́wọ́ ara mi. Ó gbà á, ó fi sábẹ́ tìmùtìmù tó jókòó lé, ó ní, “A ti gbọ́, Akọ̀wé. Jókòó, kí a jẹ obì.” Mo ní n kò ráyè.

Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí èsì. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo fa èèkàn náà tu. Mo tú ààlè náà kúrò lórí rẹ̀, mo fi sínú ọ̀rá, mo kọ ọjọ́ sára rẹ̀, mo fi pamọ́ pẹ̀lú fáìlì mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà mo ra oògùn apakoríko lọ́jà, mo yá páǹpù tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn, mo sì fọ́n ọn. N kò fọ́n ọn bí àwọn tí kì í kàwé ṣe ń fọ́n ọn. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà láti òkè délẹ̀. Mo wọn oògùn, mo wọn omi. Mo fi aṣọ bo imú. Mo dúró kí oòrùn yọ kí ìrì gbẹ. Kò sí ewé kan nínú igbó náà tí n kò fọ́n sí lójú méjèèjì.

Bíríkìlà aládùúgbò mi ń gba ọ̀nà etí odò kọjá, ó dúró kí mi bí a ṣe ń kí ara wa ní Kábbà.

“Akọ̀wé, okun o!”

“Okun o.”

Ó wo páǹpù ẹ̀yìn mi. Ó wo igbó. Ó tún wo páǹpù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò pé bí mo ṣe ṣe é létòlétò ló wú u lórí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo ibẹ̀ ti pọ́n bí ewé tábà. Inú mi dùn. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ó ti mọ́ o,” ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ọyẹ́ dé, ó sì ń bá a lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú mi. Inú ọ̀rá funfun ni ẹ̀kọ náà wà. Ó ti rọ̀ sínú rẹ̀ bí ohun tí kò ní egungun, omi sì ti sun sí i lára.

“Níbo lo ti ra èyí?”

“Lọ́dọ̀ Ìyá.”

“Ìyá wo?”

“Ìyá mélòó ló ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò yìí, Bàbá wọn?”

N kò jẹ ẹ́. Mo da ẹ̀kọ náà sínú abọ́, mo mú ọ̀rá náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀ lára, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ìyá jókòó nídìí ìkòkò rẹ̀. Ó ń fi ìgbakọ bu ẹ̀kọ sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó má bàa yọ́ ọ̀rá, bó bá sì ti tutù jù, á ti dì nínú ìkòkò kó tó dé inú ọ̀rá. Ó fi àkísà wé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

“Okun o, Ìyá.”

“Okun o, Akọ̀wé. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Kì í ṣe àlàáfíà.” Mo gbé ọ̀rá náà sókè. “Kí nìyí?”

“Ẹ̀kọ ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbí o ti jẹ ẹ́?”

“N kò jẹ ẹ́! Ìyá, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ níwájú ìjọba!” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe rẹ̀ fún un. Mo sọ pé oúnjẹ gbígbóná kò yẹ kó kan ọ̀rá. Mo sọ pé inú gọ́tà mi ni ọ̀rá wọ̀nyí máa parí sí. Mo sọ pé ó ti sọ lẹ́tà mi di irọ́, n kò sì parọ́ nínú lẹ́tà rí. Ó pẹ́ kí n tó dákẹ́.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó bu omi, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀.

“Ó tán?”

“Ó tán.”

“Fún mi ní ọ̀pá mi. Jẹ́ ká lọ.”

Mo rò pé ilé olórí àdúgbò la ń lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mi ló gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le mọ́, nítorí náà a rọra ń lọ, ó ń fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀ wò níwájú ara rẹ̀, títí a fi dé abẹ́ igi ọ̀pẹ mẹ́ta. Ó dúró létí ibi tí mo ti fọ́n oògùn. Gbogbo ewé ibẹ̀ ti wó lulẹ̀, ó ti di èérún.

“Ibí ni mo ti ń já ewé,” ni ó wí.

Mo wo èérún ewé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Ìyá ọkọ mi ló mú mi wá síbí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Bàbá rẹ ló ní kí a máa já a. Ó ní irà ni, kò sí ohun tí òun lè gbìn síbẹ̀, ewé kì í sì í ṣe ti onílẹ̀, ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọdọọdún ni mo ń ro ó. Ọdọọdún ni mo ń pààrọ̀ ààlè rẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gé e fún ewúrẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Ìyá?”

“Mo sọ. Mo fi ààlè síbẹ̀.”

“N kò mọ̀ pé tiyín ni.”

“O ò béèrè,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “O kọ̀wé.”

Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ tú ilẹ̀ díẹ̀. Gbòǹgbò tó yọ síta ti rà, ó ń rùn. Ó ní òun ti ń ra ewé lọ́jà láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o wá láti inú igbó kì í wá déédéé, bí wọ́n bá sì wá, ó ti rọ lọ́wọ́ oòrùn. Àwọn oníbàárà òun ti ń lọ. Àwọn tó kù ń sọ pé ẹ̀kọ inú ọ̀rá ń rùn bí ọṣẹ. Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ bí òjò ṣe rọ̀.

“Mo ti rò ó,” ni ó wí. “N óò wo òjò tó ń bọ̀ yìí. Bó bá rọ̀ tán tí ewé ò hù níbí, n óò da ojú ìkòkò mi délẹ̀. N kò ní fi ẹ̀kọ inú ọ̀rá parí iṣẹ́ tí mo fi ewé bẹ̀rẹ̀.”

Mo sìn ín padà sílé. Àpò mi ni ọ̀rá yẹn wà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mú ẹ̀rí lọ́wọ́ tí n kò mọ ẹni tí n óò fi sùn.

Ọ̀dọ̀ bíríkìlà ni mo kọ́kọ́ lọ. Inú ń bí mi sí i, mo gbà bẹ́ẹ̀. “Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ní ẹ kú iṣẹ́.”

Ó gbé síbí tó fi ń rẹ́ ògiri sílẹ̀. “Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ẹ rántí òpó iná orí òrùlé mi? Èmi ni mo wá sọ fún yín. Ẹ kọ̀wé. Ẹ kọ orúkọ mi sí i, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àkókò. Àwọn oníná wá, wọ́n ní èmi ni mo fi wọ́n sùn, wọ́n gé wáyà mi. Òpó ṣì wà lórí òrùlé mi. Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá rí i tí ẹ ń ṣe, ẹ kú iṣẹ́ ni.”

Mo wo òpó náà. Ó wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi náà mọ̀. Ó ní nígbà tí mo pè é wá wò ó ló tó rí i pé ewé Ìyá ni, ṣùgbọ́n ó ti kú ná. “Bí mo bá sọ fún yín, ẹ óò kọ̀wé sí ẹni tó ṣe oògùn náà,” ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín. N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Olórí àdúgbò fa lẹ́tà mi yọ lábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀. Ó ti pẹlẹbẹ bí ewé gbígbẹ. “Mo ń dúró kí o wá ni,” ni ó wí. “Ẹni tó ni ààlè náà, ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún ọ. Mo ní kí o jókòó. Ìwé kì í jókòó jẹ obì, ọmọ mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pe àgbà márùn-ún àti Ìyá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀. Mo dìde, mo ka ohun tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí mo ṣe máa ń kà á nípa àwọn ẹlòmíràn: pé mo fa ààlè tu láìbéèrè, pé mo fọ́n oògùn sí etí odò, pé mo lọ pariwo mọ́ arúgbó lórí ọ̀rá tí èmi fúnra mi tì í sí. N kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, àgbà kan tó ti ń tòògbé ní, “Ó kàwé lóòótọ́.”

Olórí àdúgbò wúkọ́. “Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ a máa dárí ji ewé. Ṣùgbọ́n ìwọ pa ewé, Akọ̀wé. Ta ni kí a wá dárí jì?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti wọn. Wọn kò bu owó kankan lé mi. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá wọn, ẹni tó bá ba ojú ewé jẹ́, ibi tí ewé ti ń hù, ló máa di ẹsẹ̀ fún ẹni tó ń já a. N óò máa lọ kó ewé wá fún Ìyá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti ibikíbi tí mo bá ti rí i, n óò sì tún ojú ewé náà gbìn, títí ìyá fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó já. Kì í ṣe títí èmi yóò fi sọ pé ó tó.

“Kò sì gbọdọ̀ kọ̀wé sí ewé náà kó yára hù,” ni àgbà tó ń tòògbé fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di eléwé. Ẹbí Ìyá kan wà ní Òkè-Bùkún, obìnrin àgbẹ̀ kan tí oko kòkó rẹ̀ wà létí odò, tí ewé eéran sì kún abẹ́ kòkó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gun ọ̀kadà mi lọ síbẹ̀. Mo mọ kòtò ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ nínú lẹ́tà. Ìsinsìnyí ni mo wá fi ìdí mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ṣe mẹ́rin. Wọ́n ti di mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo já ewé bí ẹni tó ń gé koríko, mo kà á, mo tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Obìnrin náà wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ sọnù. “Èyí ti ya. Èyí ṣì rọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n, èyí ń kọ́? Èyí tó ká bí ẹní yìí, ọmọ ni. Bí ẹ bá já ọmọ, kí ni ìyá rẹ̀ óò máa wò?” Ó kọ́ mi pé a kì í já gbogbo ewé ìdí kan, pé méjì gbọ́dọ̀ kù fún ọ̀kan tí a bá mú, pé a kì í wọ inú rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ nítorí ìgbà náà ni gbòǹgbò ń nà. Kò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá a wí nígbà tó ṣe é bí mo ṣe ṣe é.

Nígbà tí mo bá ń kó ẹrù ewé kọjá lọ́jà, àwọn obìnrin aláta kì í jẹ́ kí n lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

“Akọ̀wé, ìwé yín pọ̀ lónìí o!”

“Ìwé tútù ni! Ẹ fún wa ní ẹ̀dà kan!”

Mo ń dá wọn lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kì í dá wọn lóhùn.

Ìyá tún fi ewé di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ewé ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kò tó ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ tí kò bá sí ewé, kì í dáná. Ojú ìkòkò rẹ̀ a máa wò mí.

Kí òjò tó dé, mo wa ilẹ̀ òkè ojú ewé náà kúrò, nítorí obìnrin Òkè-Bùkún ní oògùn lè ṣì wà níbẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò sápá òkè, mo kó o síbẹ̀, jìnnà sí odò. Ó ní kí n wá ohun tó ti jẹrà dípò rẹ̀, àwọn ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ti jẹ tán ni yóò sì dára jù. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú agbọ̀n láti ṣa ewé ẹ̀kọ àjẹtán. Ènìyàn kò lè béèrè pàǹtí lọ́wọ́ ẹni kó máa kanra mọ́ ọn. Mo ní láti kí wọn, kí n jókòó, kí n béèrè ọmọ. Ìdí ewé ẹ̀kọ ni mo ti gbọ́ pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló dí gọ́tà mi. Iyanrìn ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lókè ni òjò ń wọ́ wá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí. Mo lọ bá ọkùnrin náà láìmú bírò dání. Ó bú mi díẹ̀, mo bú u díẹ̀, ó sì to òkúta yí iyanrìn rẹ̀ ká.

Òjò dé. Mo gbin ogún gbòǹgbò tí mo fi àpò tútù gbé wá láti Òkè-Bùkún. Mọ́kànlá kú. Mo jókòó sórí ìtí ọ̀pẹ, mo ń wo àwọn tó kú, inú sì bí mi gidi, irú ìbínú tí mo mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kan láyé tí mo lè kọ̀wé sí pé ewé kò hù. Mo gun ọ̀kadà, mo tún lọ kó gbòǹgbò mìíràn.

Nígbà tí òjò fẹ́ẹ́ kásẹ̀, Ìyá rán ìyàwó mi sí mi pé òun ń bọ̀ wá wò ó. N kò jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ro ibẹ̀, mo ti ṣa gbogbo ewé gbígbẹ kúrò. Ewé tó wà níbẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, wọ́n ń dán. Mo ti wọn èyí tó fẹ̀ jù. Ó tó di ẹ̀kọ. Mo ti mú ọ̀bẹ dání fún un.

Ìyá dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ibẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò gba ọ̀bẹ.

“Kò tíì tó já.”

“Ìyá, ó tó di ẹ̀kọ. Mo wọ̀n ọ́n.”

“Ó tó di ẹ̀kọ lónìí. Lọ́la ń kọ́?”

Òjò ti fẹ́ẹ́ tán. Ohun tó sọ níbí yìí kan náà, mo rántí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: òjò kan, bí kò bá hù, yóò da ojú ìkòkò délẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ó hù, pé híhù ló sọ, kò sọ jíjá. Mo ti ní ẹ̀rí. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di orí ọ̀pá rẹ̀ mú, ó fi ìka tí ẹ̀kọ gbígbóná inú ọ̀rá jó, tí àpá rẹ̀ ti funfun báyìí, kan ewé kan tó ṣì ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín àwọn yòókù. Ó fọwọ́ kàn án pẹ́.

“N óò dúró dè é,” ni ó wí. “Kí ìwọ náà máa lọ sí Òkè-Bùkún rẹ.”

“N óò máa lọ, Ìyá.”

“Ó sì yẹ kí ó ní ààlè, kí ewúrẹ́ àwọn ọmọ yẹn má bàa jẹ ẹ́. Ní àyíká yìí, n kò rí màrìwò tó gbẹ dáadáa.”

Mo ní kó dúró fún mi díẹ̀. Mo sáré gòkè lọ sílé, mo ṣí àpótí mi, mo fa ọ̀rá tó ní ọjọ́ lára yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Ìyá rí ṣùkù àgbàdo àti màrìwò rẹ̀ àtijọ́ nínú ọ̀rá náà, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ̀yìn ti igi ọ̀pẹ.

“O tọ́jú rẹ̀?”

“Ẹ̀rí ni, Ìyá.”

“Ẹ̀rí ta ni?”

Mo ri èèkàn tuntun mọ́lẹ̀, mo tú ààlè náà jáde, mo fi àkísà rẹ̀ so ó mọ́ orí èèkàn. Ó ní kí n so ó le sí i. Mo so ó le sí i. Ọ̀rá náà kù sí mi lọ́wọ́, odò sì wà nítòsí níbẹ̀, nítorí náà mo ká a kéré, mo fi sínú àpò mi, a sì jọ rọra ń gòkè lọ sílé.